Etí Bọ́kẹ́ẹ̀tì: Kí Ni A Jẹ Ọmọ Nígbà Tí Ilé Méjì Bá Di Ọ̀kan?

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ya létí nídìí kànga ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ní ìlú Abẹ́òkúta, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tí igi ti gún lójú tán ni a sábà máa ń pa òwe náà fún. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: nígbà tí ọkùnrin tó ti bímọ àti obìnrin tó ti bímọ bá fẹ́ ara wọn, tí ilé méjì di ọ̀kan, kí ni wọ́n jẹ àwọn ọmọ tí wọ́n kó wọ inú ilé náà? Ṣé oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé-ìwé nìkan ni, tàbí ohun mìíràn wà tí a máa ń gbàgbé?

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Ọmọ ọdún 10 ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ni wọ́n dá tọ́ mi fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 13, wọ́n fẹ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó tiwọn náà ti kú, tí wọ́n sì ní ọmọbìnrin kan. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, níbi tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti àga rọ́bà, ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń lọ, ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń padà wálé. Lafẹnwá ni èmi àti ìyá mi ń gbé nígbà náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi pè mí jókòó, wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a ó kó lọ sí Ìgbẹ̀ìn. Wọ́n sọ fún mi ni. Wọn kò bi mí.

Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi ju ọmọbìnrin tí mo bá nílé náà lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹnì kejì mi ni n ó máa pè é, nítorí yàrá kan náà ni wọ́n fi wá sí.

Ìjọba méjì ló wà nínú ilé wa lọ́dún àkọ́kọ́. Èmi ń pe ọkọ ìyá mi ní Ọ́ńkù, ẹnì kejì mi ń pe ìyá mi ní Àǹtí. Bí mo bá ṣe ohun tí kò dára, Ọ́ńkù yóò dákẹ́, wọn yóò ní kí ìyá mi bá mi wí. Bí ẹnì kejì mi bá pẹ́ níta, ìyá mi yóò dákẹ́, wọn yóò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé ìkà ni ìyàwó bàbá sábà máa ń jẹ́ nínú àlọ́, ìyá mi ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Wọ́n ń bu ẹran tó tóbi fún ọmọ ọkọ wọn, wọ́n sì ń bu èyí tó kéré fún mi. Wọ́n rò pé yóò yé mi. Kò yé mi. Ohun tí mo rí ni pé ìyá mi kan ṣoṣo ti di ìyá ẹlòmíràn. Ẹnì kejì mi náà kò sì gbádùn ẹran náà, nítorí ó mọ̀ pé àlejò ni à ń fún ní ẹran ńlá.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní àwọ̀ búlúù wà tí ẹnì kejì mi máa ń gbé sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. N kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ tó di olóògbé ló rà á nígbà tó lóyún rẹ̀, pé òun ló fi kó ẹrù ìkókó lọ sí ilé ìwòsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà tí a dé, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ìdí kànga láìtọrọ rẹ̀. Bí mo ṣe fa omi kún un tí mo gbé e nílẹ̀, etí rẹ̀ kan ya. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà já lulẹ̀, ó lu àpáta, ó sì là. Nígbà tí ẹnì kejì mi rí i, ó bú sẹ́kún. Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní, “Ṣebí bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni. Màmá mi á ra òmíràn fún ẹ.” Ó wò mí títí, ó wá ní, “Bàbá mi ló fẹ́ màmá ẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi náà fẹ́ yín.”

Ó dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi èmi náà. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí Ọ́ńkù dé, wọn kò béèrè ẹni tó fọ́ ọ. Wọ́n mú etí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ya náà, wọ́n gbé e sí iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pe àwa méjèèjì. “Ẹ wo ibí yìí.” Lókè ihò tí a ń fi irin ìgbámú kọ́, a rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Ibẹ̀ gan-an ló ti ya. Wọ́n ní, “Kì í ṣe ìwọ lo ya á. Ibí yìí ti ń dúró de ẹni tí yóò gbé e láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa. Hóró kéékèèké ni rọ́bà máa ń jẹ́ nígbà tó bá dé ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rọ yóò yọ́ wọn nínú ooru tó lé ní ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò sì fi agbára tì wọ́n sínú mọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́ọ̀dù. Irin líle ni ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Láti ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ni rọ́bà gbígbóná ti máa ń wọlé, yóò sì máa gun òkè lọ sí ẹnu. Nígbà tó bá dé etí, yóò bá irin róbótó kan pàdé, èyí tó ń dá ihò ìgbámú sí. Kò lè gba inú irin kọjá, nítorí náà yóò pín sí méjì: apá kan yóò gba ọ̀tún, apá kan yóò gba òsì, wọn yóò sì tún pàdé lókè ihò náà. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìlà yẹn. Ojú ìpàdé ni Ọ́ńkù pè é. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì gbóná dáadáa nígbà tí wọ́n pàdé, wọn yóò wọ inú ara wọn, ìlà náà yóò sì lágbára. Bí wọ́n bá ti tutù kí wọ́n tó pàdé, wọn yóò kàn fara kan ara wọn ni. Ojú lásán yóò rí wọn bí ẹyọ kan, àmọ́ ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo ni a ó mọ̀ pé wọn kò di ọ̀kan. Ẹ sì wò ó, òkè ihò yẹn gan-an ni ìgbámú ti ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá gbé e.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń rò.

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, Ọ́ńkù mú wa lọ sí Ọ̀tà. Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan níbẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí hàn wá. Lójú kọ̀ǹpútà náà, rọ́bà ń gun òkè nínú mọ́ọ̀dù bí ìgbà tí a bá ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́. Ibi tó gbóná pọ́n, ibi tó ń tutù ń di búlúù. Nígbà tó dé etí, ó pín, ó tún pàdé, kọ̀ǹpútà sì fi ìlà sí ojú ìpàdé náà. Ẹnjiníà náà yí nǹkan díẹ̀ padà: ó fi kún ooru, ó mú kí etí náà nípọn díẹ̀ sí i, ó sì ní kó tún ṣàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ìpàdé náà pọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, “A kò tíì gé irin kankan o. Ìbéèrè la ṣì ń bi í.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: ìbéèrè la ṣì ń bi í. Nígbà tí mo padà sílé, mo wá ìtàn ètò kọ̀ǹpútà náà kà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun èlò rọ́bà tuntun yóò kọ́kọ́ gé irin mọ́ọ̀dù, yóò ti rọ́bà sínú rẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó rí àléébù. Yóò tún irin gé, yóò tún dán an wò, títí tí yóò fi rí i ṣe tàbí tí owó yóò fi tán. Ní ọdún 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n K. K. Wang bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà lórí bí rọ́bà ṣe ń ṣàn nínú mọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1978, Colin Austin dá ilé-iṣẹ́ Moldflow sílẹ̀ ní Ọsirélíà, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣírò rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́. Ojú ètò ìgbà yẹn kò tíì mọ́lẹ̀ tó bí ti òní. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ tú nǹkan palẹ̀ bí ẹni tú páálí, kí ó sì máa ṣírò ọ̀nà tí rọ́bà yóò gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ètò náà kọ́ láti máa wo nǹkan bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tó wá di pé ó ń wo gbogbo ara rẹ̀, òró, ìbú àti inú. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ CoreTech bẹ̀rẹ̀ ní Taiwan, àwọn ló ni ètò Moldex3D. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Autodesk ní Amẹ́ríkà ra Moldflow. Lónìí, irú ètò bẹ́ẹ̀ lè sọ ibi tí rọ́bà yóò ti tutù jù, ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ti wọ́ lẹ́yìn tó bá jáde, àti ibi tí afẹ́fẹ́ yóò há sí. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú mọ́ọ̀dù láìrí ọ̀nà jáde máa ń gbóná débi pé ó ń jó rọ́bà dúdú.

Bí ètò náà ṣe dára tó, nǹkan kan wà tí kò lè ṣe láìsí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mọ irú rọ́bà tí a fẹ́ lò. Rọ́bà kì í ṣe oríṣi kan. A gbọ́dọ̀ ti mú irú èyí gan-an lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a mọ bó ṣe ń ṣàn nínú ooru àti bó ṣe ń sún kì nígbà tó bá ń tutù. Bí a bá fi ìwà rọ́bà kan ṣírò fún òmíràn, kọ̀ǹpútà yóò fún wa ní àwòrán tó dára, àmọ́ irọ́ ni yóò jẹ́.

Níbí ni ìbéèrè mi ti wá. Bí ènìyàn bá lè fi gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ọ̀nà láti bi rọ́bà léèrè kí wọ́n tó gé irin, kí ló dé tí a kì í bi ọmọ léèrè kí a tó da ilé méjì pọ̀? Rọ́bà kò lè sọ̀rọ̀, a sì wá kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ ní ẹnu.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń wo ọ̀nà ṣáájú. Láyé àwọn baba ńlá wa, alárinà wà, ìwádìí wà, a sì ń dá Ifá kí a tó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Títí di òní à ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àmọ́ àwọn ìdílé tó ń fi ọmọ fún ara wọn ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Kò sí àyè kankan nínú rẹ̀ fún ọmọ tí ìyàwó ti bí tẹ́lẹ̀. Mo bi ìyá ìyá mi ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ọkọ bá kú, ẹbí ọkọ ló máa ń ṣú opó náà. Opó lè ní ọkọ mìíràn, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní kúrò nínú agbo ilé bàbá rẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀rọ̀ iyèkan fún àwọn tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀kan, tí a ní ọbàkan fún àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí n kò rí ọ̀rọ̀ kankan fún èmi àti ẹnì kejì mi, tí a kò bá ara wa tan níbì kankan àyàfi lórí tábìlì oúnjẹ. Ayé ti yí, ìyá ti ń kó ọmọ dání lọ sí ilé ọkọ tuntun, àmọ́ a kò tíì dá àṣà tí yóò mú ọmọ náà mọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan lè ta kò mí pé, “Bí wọ́n bá ti bi ọ́ léèrè, kí ni ìwọ ìbá sọ?” Mi ò ní purọ́. Ǹ bá ti ní kí wọ́n má fẹ́ ẹ. Ìyá mi kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà tí wọ́n di opó. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹnì kejì, kò sì yẹ kí ọmọ ọdún 13 dí wọn lọ́nà. Àwọn kan yóò wá sọ pé bí ìdáhùn ọmọ kò bá lè dá ìgbéyàwó dúró, kí ni ìwúlò kí a bi í? Èyí ni atakò tó le jù, mo sì rò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ìdáhùn mi wà lójú kọ̀ǹpútà ẹnjiníà yẹn. Ètò náà kì í pinnu bóyá kí a ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí kí a má ṣe é. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ti pinnu ìyẹn. Kò tilẹ̀ lè mú ojú ìpàdé kúrò pátápátá, nítorí níwọ̀n ìgbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti máa ní ihò létí, rọ́bà gbọ́dọ̀ pín kó tó pàdé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ibi tí ojú ìpàdé yóò bọ́ sí hàn wá, kí a lè fi ooru kún ibẹ̀, kí a mú un nípọn, kí a sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bákan náà, bíbi ọmọ léèrè yàtọ̀ sí fífi ìpinnu lé ọmọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti bi mí, lẹ́yìn tí mo bá ti ní “rárá” tán, ǹ bá ti sọ àwọn nǹkan mìíràn: ẹ má fi agbára mú mi pe ẹnikẹ́ni ní Dádì, ẹ jẹ́ kí n gbé fọ́tò bàbá mi dání, ẹ má fi ẹran mi ṣe ìwà rere. Bí wọ́n bá ti bi ẹnì kejì mi, ìbá ti sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó lè dá ìyàwó dúró. Gbogbo wọn ni ìbá sì ti dín omijé kù. Òun náà ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ilé tó ní ojú ìpàdé ti ní àléébù ná, pé ilé tó dára ni ilé tí a kò lè mọ ibi tí a ti so ó pọ̀. N kò gbà. Ẹ wo ìlú wa. Ní ọdún 1830, nígbà tí ogun ti lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní igbó wọn, wọ́n tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ Olúmọ. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1834, àwọn Òwu tí ogun ti tú ìlú wọn ká wá bá wọn. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ibi tó ti wá kí ìlú tó di ọ̀kan. Ìgbẹ̀ìn ṣì ń jẹ́ Ìgbẹ̀ìn, Ìtòkò ń jẹ́ Ìtòkò, Kéṣì ń jẹ́ Kéṣì. Títí di òní a ní Aláké, a ní Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, a ní Àgùrá, a ní Olówu. Ojú ìpàdé wà níbi gbogbo ní Abẹ́òkúta, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìlú náà lè fi ìka tọ́ka sí i. Ìjà kò sì ṣàìwáyé láàárín wọn. Síbẹ̀ Abẹ́òkúta kò ya, nítorí inú ewu ogun kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, wọ́n pàdé nígbà tí wọ́n ṣì nílò ara wọn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ní kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu odi. Kì í ṣe ojú ìpàdé ló ń ya nǹkan. Ìtútù tó wà nígbà ìpàdé ló ń ya á.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí àfiwé lè tan ènìyàn jẹ. Ènìyàn kì í ṣe rọ́bà, nínú ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni rọ́bà fi ń gbóná nínú mọ́ọ̀dù. Bí ojú ìpàdé rẹ̀ bá ti tutù, ó parí. Ọkàn ènìyàn lè tutù lónìí, kó sì tún gbóná lọ́la. Nítorí náà, òbí tí kò béèrè ṣáájú ṣì lè béèrè lẹ́yìn náà. Kò dára tó ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀ ju kí a má béèrè rárá lọ.

Èkejì ló kàn mí jù. Rọ́bà kò ní ojúṣe. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí pé ó tutù. Èmi ní ojúṣe. Nígbà tí mo fọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyá ẹnì kejì mi, kì í ṣe òbí kankan ló ní kí n sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni. Mo mọ bó ṣe rí kí òbí ẹni kú. Mo ní fìlà bàbá mi nínú àpótí mi, mo sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe fún ẹni tó bá fi nu ilẹ̀. Síbẹ̀ mo fọwọ́ ara mi tutù. Bí àwọn àgbà bá jẹ wá ní ìbéèrè, àwa ọmọ náà jẹ ara wa ní nǹkan: kí a má fi àṣìṣe àgbà ṣe àwáwí fún ìkà tiwa.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a ti Ọ̀tà dé kí n tó lè bẹ ẹnì kejì mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, mo ní, “Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò béèrè kí n tó gbé e.” Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀: bó ṣe máa ń dín dòdò, bó ṣe máa ń pè é. Èmi náà sọ nípa bàbá mi. A kò sùn bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ló sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n bu ẹran bákan náà fún wa. Ìyá mi sunkún, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ́ńkù pe gbogbo wa jọ, wọ́n bi wá ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi wá ní ọdún kan ṣáájú: “Kí ló ń dùn yín nínú ilé yìí?” Láti ìgbà náà ni a ti ń jókòó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó bá parí oṣù. Nígbà mìíràn a máa ń jà níbẹ̀. Ó sàn kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá fẹ́ da ilé méjì pọ̀, ẹ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ohun tó ń dun ọ̀kan kò jọ ohun tó ń dun èkejì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá béèrè iye ọmọ tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ bí, ẹ rántí pé ìbéèrè tó rọrùn fún ẹnì kan lè wúwo fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọn kò bá bi yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, kí ẹ sì sọ̀rọ̀. Ẹ má sì dúró de ẹnikẹ́ni kí ẹ tó ṣàánú ara yín.

Ẹnì kejì mi ṣì ń pe ìyá mi ní Àǹtí. Èmi ti ń pe ọkọ ìyá mi ní Bàbá, kò sẹ́ni tó fi agbára mú mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù náà wà lẹ́yìnkùlé, efinrin ni ẹnì kejì mi gbìn sínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a kò tíì yanjú: èwo nínú wa ni ẹ̀gbọ́n? Èmi ni mo dàgbà jù, òun ló sì ti wà nínú ilé kí n tó dé. A gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ní ti ọjọ́ orí, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Ní ti ilé, òun ló mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ẹ máa bi ara yín.”